Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Kí N Ta Àdùkẹ́, Ẹṣin Tí Bàbá Mi Rà Fún Mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mí, ọmọ ọdún 27. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 17, bàbá mi ra abo ẹṣin pupa kan fún mi, a sì sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Pápá pólò tó wà ní Eléyẹlé ní Ìbàdàn ló ń gbé, níbi tí Màlámù kan ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Òun ni mo gùn nínú gbogbo ìdíje tí mo ti gba ife-ẹ̀yẹ. Bàbá mi ti di olóògbé láti ọdún méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ ti gbé mi lọ sí Àbújá, n kì í sì í rí Àdùkẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ti pé ọdún 14. Ẹni méjì ló fẹ́ rà á: alágbàtà kan láti Èkó tó fẹ́ san owó gọbọi lójú ẹsẹ̀, àti ìdílé kan ní Ìbàdàn tí ọmọbìnrin wọn ń kọ́ eré pólò, ṣùgbọ́n tí owó tiwọn kéré, tí wọ́n sì fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì. Àdùkẹ́ máa ń húkọ́ ní àsìkò ọyẹ́; ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní n kò gbọdọ̀ sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi sì ní bí mo bá tà á, bàbá mi ni mo tà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Èmi náà ti ta ẹṣin rí nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, kí n tó padà wá sí Iléṣà, mo sì mọ bí ilé ẹṣin ṣe máa ń rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí gàárì wà lórí igi rẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò yọ orí síta nígbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o tà á, kí o tà á báyìí, kí ó sì jẹ́ ìdílé Ìbàdàn yẹn ni o tà á fún.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló wúwo jù. Bàbá rẹ ra Àdùkẹ́ kí o lè máa gùn ún ni, àti pé ẹṣin tó bá dúró sójú kan láti oṣù dé oṣù kò dà bí fọ́tò tí a gbé kọ́ ara ògiri: iṣan ara rẹ̀ yóò máa rọ, pátákò rẹ̀ yóò sì máa hù, tí a ó fi máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, yálà o wá tàbí o kò wá. Mú ìyá rẹ lọ sí Eléyẹlé ní ọjọ́ Sátidé kan, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí ó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ nígbà tí àwọn ẹṣin yòókù bá ń jáde lọ sí pápá tí òun kò lọ. Lẹ́yìn náà ni kí o wá kúnlẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o kúkú mú un wá sí Ifẹ̀, má gbà, nítorí àwọn eṣinṣin amùjẹ̀ inú igbó agbègbè wa máa ń gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Ó wà lára ìdí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí apá kò ká ní pápá ọ̀dàn, kò fi rọ́wọ́ mú nínú igbó.

Ọdún 14 kì í ṣe ogbó. Ẹṣin tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 sí 30 láyé, ọ̀pọ̀ ẹṣin pólò sì ń ṣeré kọjá ọdún 15. Irú Àdùkẹ́ gan-an ni ọmọ tó ń kọ́ eré nílò, ẹṣin tó ti mọ pápá, tó ti ń yí padà kí ẹni tó gùn ún tó fa ìjánu. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró títí ó fi pé ọdún 19, ẹni tí yóò wá rà á lè jẹ́ ẹni tí yóò máa fi í gbé èrò kiri létí òkun láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní ti ikọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí kò dára ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń tọ́ka sí. Ẹṣin tí mo tà ní Kàdúná ní ẹsẹ̀ iwájú kan, ti òsì, tó máa ń wú bí eré bá pọ̀ jù. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títà rẹ̀, mo fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ náà, mo fi báńdéèjì dì í, mo tú u ní òwúrọ̀, ó sì fẹ̀lẹ́ lójú ẹni tó wá rà á. N kò parọ́ fún un. Mo kàn dákẹ́ ni. Òun náà fi í sáré bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kò sì jẹ̀bi. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹṣin náà kò lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́. Owó ọ̀hún ni mo fi ra páànù ilé tí mo ń gbé, bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí rẹ̀ títí di òní, mo máa ń rántí.

Nítorí náà, sọ̀rọ̀ ikọ́ náà kí wọ́n tó béèrè. Eruku àti koríko tó ti bu ló sábà máa ń fa irú rẹ̀. Bí a bá ń rẹ koríko gbígbẹ àti ewé ẹ̀pà sínú omi kí ó tó jẹ ẹ́, tí ilé rẹ̀ sì ń gba atẹ́gùn dáadáa, ó máa ń dín kù púpọ̀. Jẹ́ kí dókítà ẹran tí àwọn fúnra wọn yàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gbọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè fún bí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì mú un sáré lórí ilẹ̀ líle lójú ẹsẹ̀.

Alágbàtà Èkó kò ṣe ohun tó burú, òwò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà láti tún tà kò lè sọ ibi tí Àdùkẹ́ yóò sùn ní oṣù tó ń bọ̀. Ní ti owó ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: ọjọ́ tí owó kejì yóò wọlé, ẹni tí yóò máa ra oúnjẹ rẹ̀ títí di ìgbà náà, àti ẹni tí yóò ru àdánù bí ó bá ṣàìsàn láàárín méjì.

Ẹnìkan wà tí lẹ́tà rẹ kàn mẹ́nu bà tó kọjá, Màlámù. Ọdún 10 ni ó ti ń jí ní ìdájí láti fún ẹṣin rẹ lómi. Òun ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kí ó má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ rà á. Bẹ ìdílé náà kí wọ́n jẹ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ; bí wọn kò bá lè ṣe é, yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà.

Ní ọjọ́ tí o bá fẹ́ fà á lé wọn lọ́wọ́, fi ìjánu tó ti mọ́ ọn lẹ́nu sílẹ̀ fún un. Fi ibi tó fẹ́ kí wọ́n máa họ lábẹ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀ han ọmọbìnrin náà, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ fi okùn lé e lọ́wọ́.