Lámínéètì 8 tàbí 12 fún yàrá Àlájà: ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò

Ẹ kú àjò o, ẹ̀gbọ́n wa ti Calgary. Ẹ kú àárò ilé. Mo ti ka ìbéèrè yín: yàrá méjì lẹ fẹ́ tẹ́ ní lámínéètì, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń há mọ́ra lórí ilẹ̀, fún Àlájà ní Gàá Akanbí nílùú Ìlọrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni. Káfíńtà ní àfi èyí tó nípọn ní mìlímítà 12, àbúrò yín ní 8 ti tó, ẹ̀yin náà sì ń wò ó pé èyí tó wà nílé yín lọ́hùn-ún nípọn dáadáa. Ẹ fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa gbọ́ tiẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tèmi ni pé kí ẹ ra 8. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fowó ránṣẹ́.

Ní Kánádà níbẹ̀ yẹn, pákó ló sábà máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé. Ẹsẹ̀ ń dún lórí ẹ, ó ń mì díẹ̀, èèyàn á sì fẹ́ ohun tó nípọn. Kọnkéré ló wà lábẹ́ yàrá Àlájà, orí erùpẹ̀ ló sì jókòó sí. Kọnkéré kì í mì. Omi lọ̀tá lámínéètì nílùú wa, èyí tó ń gòkè bọ̀ láti inú ilẹ̀, àtèyí tí àwa fúnra wa ń dà sí i lórí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyẹ̀fun igi ni nǹkan ọ̀hún? Wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ooru tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí tó fi le, wọ́n wá lẹ bébà tó ní àwòrán igi mọ́ ọn, wọ́n fi ike líle bo orí ẹ. Ike tó wà lórí yẹn ló ń jìyà bàtà àti ẹsẹ̀ àga. Ìnípọn kò kàn án rárá. Àmì AC tó wà lára páálí, èyí tó ń sọ bí ike náà ṣe lè pẹ́ tó kó tó ha, ni kí ẹ wò: AC3 tó fún yàrá ilé, AC4 ló dáa bí àwọn ọmọ-ọmọ bá ń sáré kiri. Èyí tó jẹ́ 8 tó sì jẹ́ AC4 máa pẹ́ kó tó ha ju 12 tó jẹ́ AC2 lọ. Káfíńtà yín kò dárúkọ AC fún yín, àbí? Wọn kì í sábà dárúkọ ẹ̀.

Mi ò ní 12 kò wúlò o. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í dún kò-kò-kò, ẹnu tí pákó kan fi ń há mọ́ èkejì sì máa ń jinlẹ̀ jù. Ká ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, tí ẹlòmíì ń sùn nísàlẹ̀, mi ò ní bá káfíńtà yẹn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn: 12, ẹ fi fóòmù mìlímítà 3 tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹ kún un, ilẹ̀ ti ga ní mìlímítà 15. Ilẹ̀kùn igi ṣeé fá nídìí. Àwọn ilẹ̀kùn onírin ti Ṣáínà tó gbòde yìí ńkọ́? Nílé àna mi ní Ọ̀fà, wọ́n yọ ilẹ̀kùn kí wọ́n lè tẹ́ ilẹ̀ ní ìrọ̀rùn, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e padà, kò wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá àgbà fi ta aṣọ sẹ́nu yàrá, kí wẹ́dà tó ráyè wá.

Tèmi gan-an ló burú jù. Mo tẹ́ 12 sí yàrá mi ní Tanke láàrin òjò, nítorí pé aládùúgbò mi tẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ náà kò tíì pé oṣù kan, oníṣẹ́ ní ó ti gbẹ, mo gbà á gbọ́. Kó tó di oṣù kẹta, pákó tó sún mọ́ ògiri ìta ti wú létí bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. A ká a kúrò, fóòmù abẹ́ ẹ rin gbindin, èbu dúdú ti bo ẹ̀yìn pákó. Kò sẹ́ni tó tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹ. Ìnípọn tí mo fi owó gọbọi rà, omi ni mo rà á fún.

Nítorí náà, ẹ rán àbúrò yín níṣẹ́, kó sì ya fídíò ẹ̀. Kó gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, bíi mítà kan níbùú lóròó, kó fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, bó bá sì di ọjọ́ kẹta, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ṣí i tó rí omi tó sẹ̀ sábẹ́ ẹ, tàbí tí ojú ibẹ̀ ṣú ju àyíká ẹ̀ lọ, kí gbogbo yín dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé irin gbọọrọ tí bíríkìlà fi ń fa ilẹ̀, èyí tó tó mítà 2, kó fi lélẹ̀ káàkiri. Ibi tí àlàfo abẹ́ ẹ bá ti ju mìlímítà 3 lọ, bíríkìlà ló máa dí i. 12 kò lè dí kòtò. Á kàn máa rì síbẹ̀ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, títí ẹnu ẹ̀ á fi là. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi fóòmù ìlọ́po méjì ṣe àtúnṣe, ó máa ń rọ̀ jù, bákan náà ni yóò ṣe ba ẹnu pákó jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má fi iye páálí ṣe ìṣirò owó. Páálí 12 kì í sábà ní pákó púpọ̀ nínú tó ti 8. Yàrá yín kan jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 15.6 (ìbú lọ́nà òró), ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún gígé, ó di bíi 17.2. Bí páálí kan bá bo mítà onígun mẹ́rin 2.2, páálí mẹ́jọ lẹ máa rà. Bó bá bo 1.5, ó di páálí méjìlá. Iye tó ń bò wà lára páálí, kí àbúrò ya fọ́tò ẹ̀. Kó fi rúlà wọn etí pákó pẹ̀lú, torí àwọn kan ń ka fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ìnípọn.

Kí páálí sùn nínú yàrá ọ̀hún fún wákàtí 48 kí wọ́n tó tú u. Kí náílọ́ọ̀nù lọ sábẹ́ fóòmù. Kí wọ́n fi mìlímítà 8 sí 10 sílẹ̀ yí ògiri ká, nítorí pákó á sún kì nígbà ọyẹ́, á wú nígbà òjò, sìkẹ́tìǹ, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ògiri, á bo àlàfo náà. Bí ikán bá wà lára ògiri, ẹ pa á kí ẹ tó gbé igi wọlé.

Èyí tó kù ni bútà. Àlájà ń ṣe àlùwàlá nínú yàrá, àbí? Ìyá tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, etí bẹ́ẹ̀dì, lórí abọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, omi sì máa ń ta sílẹ̀. Ẹ ò lè sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí wọ́n lẹ táìlì sí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ yàrá náà, mo gbé àpótí kékeré sí i, ibẹ̀ ni bútà ń gbé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tó máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti jókòó. Kí ọmọdé tó ń bá wọn nu ilẹ̀ náà mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n fún gbẹ ni, kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ mọ́.

Bí fídíò náílọ́ọ̀nù bá dé, ẹ fi síbí ká jọ wò ó. Ẹ bá mi kí Àlájà.