Àsùwàdà, àjọbí, àjọgbé: ṣé sáyẹ́ǹsì ni sosiọ́lọ́jì?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, sosiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ) ló ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọmọ náà ní olùkọ́ àwọn ń sọ̀rọ̀ nípa “àsùwàdà”. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ta ló sì jàre?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. “Sù” tó wà nínú rẹ̀ ni kí nǹkan kóra jọ sójú kan. “Ìwà” ibẹ̀ kì í ṣe ìwà rere tàbí ìwà burúkú. Wíwà láyé gan-an ni. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí dídá. Nítorí náà, àsùwàdà ni ẹ̀dá tó jẹ́ pé àpapọ̀ òun àti irú tirẹ̀ ló fi ń wà. Irun kan kò lè bo orí, oyin kan kò sì lè kọ́ afárá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ látinú ẹsẹ Ifá, ó sì gbé e síwájú àwọn onísosiọ́lọ́jì àgbáyé lọ́dún 1986. Òun náà ló fi “àjọbí” (okùn ẹ̀jẹ̀) àti “àjọgbé” (okùn àwọn tó jọ ń gbé) ṣe irinṣẹ́ ìmọ̀. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ yẹn, nítorí ó fi èdè wa ronú, kò kàn fi túmọ̀ èrò ẹlòmíì.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín: sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ní lọ́kàn ni ti girama, níbi tí wọ́n ti pín wa sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Ẹni tí kò bá di ìgò mú nínú láàbù kò sí lára àwọn onísáyẹ́ǹsì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ìmọ̀ di sáyẹ́ǹsì ni kí onímọ̀ sọ ohun tí ojú ayé lè já nírọ́. Lọ́dún 1897, Émile Durkheim, onísosiọ́lọ́jì ará Faransé, fi àkọsílẹ̀ ìjọba hàn pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń fọwọ́ ara wọn para wọn ju àwọn Kátólíìkì lọ. Ó ní okùn ìjọ ló dẹ̀ láàrin àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní bóyá àwọn Kátólíìkì kàn ń fi irú ikú bẹ́ẹ̀ pamọ́ ni. Wọ́n padà sídìí àkọsílẹ̀ lọ wò ó. Wọn kò dá Akiwowo náà sí: lọ́dún 1990, àwọn onímọ̀ méjì kan, Lawuyi àti Taiwo, kọ̀wé pé ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ni pé òkúta kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa rẹ̀, ènìyàn ń gbọ́. Ẹ pariwo pé gàrí máa wọ́n lọ́la, gbogbo ayé á sáré rà á lónìí, á sì wọ́n lóòótọ́. Èyí mú kí sosiọ́lọ́jì ṣòro ju kẹ́mísírì lọ. Kò sọ ọ́ di ìtàn àròsọ.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ dán an wò, kó sọ pé àjọgbé ti ń gba ipò àjọbí nílùú ńlá. Kó wá wọ àwọn ilé oníyàrá kan-kan ní Ìbàdàn, kó bi àwọn ayálégbé pé nígbà tí àìsàn dé lóru, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ké sí: ìbátan ni, àbí ará yàrá kejì? Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kà á. Bó bá jẹ́ ìbátan ló pọ̀ jù, kó ju ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nù.