Ṣé a lè lo àyẹ̀wò ìmọ̀ ẹ̀rọ tí orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin ni mí. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀ fún àwọn aṣòfin, oṣù kan péré ni wọ́n sì fún mi. Ṣé mo lè mú àyẹ̀wò tí orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe lórí ẹ̀rọ náà, kí n lò ó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ mú un, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lódindi. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ṣeé yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ kí òfin sọ nípa rẹ̀, àwọn tí òfin náà máa dé ló ni ín.

Ẹ má tijú láti yá a. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ọdún 1990 ni àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún àwọn ilé aṣòfin ní Yúróòpù ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ EPTA, tí wọ́n ń lo iṣẹ́ ara wọn.

Àmọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ojú àwọn wo ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ náà wò? Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dán ìmọ̀ ẹ̀rọ wò, gbé àbájáde ìdánwò jáde lórí irú ètò ìdánimọ̀ ojú 189. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń pe ẹnìkan ní ẹlòmíràn, àṣìṣe yìí sì pọ̀ lórí ojú àwọn ará Áfíríkà àti ti ìlà-oòrùn Éṣíà ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Síbẹ̀, nínú àwọn kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, àṣìṣe ojú àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà kò pọ̀. Ẹni tó bá gbé iye kan ṣoṣo nínú àbájáde yẹn fún aṣòfin ti ṣì í lọ́nà, èyí sì ń dùn mí púpọ̀, torí pé bí ẹ̀rọ bá pe ẹnìkan ní ẹlòmíràn, aláìṣẹ̀ ni ọlọ́pàá máa mú.

Ní ti ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ẹ wo ìpàdé World Wide Views tí àjọ kan ní Dẹ́nmáàkì ṣètò ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Nǹkan bí 4,000 ará ìlú ní orílẹ̀-èdè 38 ka àlàyé kan náà lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, wọ́n jíròrò, wọ́n sì dìbò. Àlàyé jẹ́ ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ka ìbò tirẹ̀.

Oṣù kan kò tó fún irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lè jókòó ti àwọn tí kámẹ́rà ẹ̀rọ náà máa dojú kọ, kí ó má jẹ́ ẹni tó ń tà á nìkan ni ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ṣe àyẹ̀wò tí ẹ fẹ́ yá, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ti yí padà látìgbà náà. Nínú ìwé yín, ẹ to oríṣiríṣi ọ̀nà tí òfin lè gbà sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fà, kí àwọn aṣòfin fúnra wọn mú èyí tí wọ́n fẹ́.