Ta Ló Ni Gọ́tà Àdúgbò Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìlẹ́ṣà ni mò ń gbé. Gọ́tà àdúgbò wa ti dí pátápátá, àgbàrá sì ti ń gbẹ́ ojú títì débi pé ó ti kan ìpìlẹ̀ ilé àwọn kan. A lọ bá kánsẹ́lọ̀ wa, ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀nà náà. A dé Òṣogbo, wọ́n ní ká padà sí káńsù. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí wa náà, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ta gan-an ni ká gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ó sì máa ń dùn mí, torí òfin ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, iná ojú pópó, gọ́tà, àti àwọn ọ̀nà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá fi sábẹ́ wọn.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n fi ń tì yín síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ni ọ̀nà ló ni gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn gba Ilé-Ifẹ̀ wọ Ìlẹ́ṣà, tó sì forí lé Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni, àjọ FERMA ló ń tún un ṣe. Àwọn tó so ìlú kan mọ́ òmíràn láàárín Ọ̀ṣun sábà máa ń jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn títì ńlá kan nínú ìlú sì wà lábẹ́ wọn pẹ̀lú. Ọ̀nà àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé tó sì parí sáàárín ilé, ti káńsù ni. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe tiyín, mo gbà pé káńsù ló ni ín.

Káńsù wo wá ni? Ẹ ò sọ bóyá Ìlà-Oòrùn Ìlẹ́ṣà ni ẹ wà tàbí Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó kọ ohunkóhun, torí lẹ́tà tó bá lọ sí káńsù kejì, wọ́n kàn máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Lẹ́tà ni kí ẹ kọ o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lọ. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kí omi já sí, kí ẹ fi fọ́tò tì í. Mo ń tẹnu mọ́ ibi tí omi máa já sí nítorí pé wọ́n ti la gọ́tà púpọ̀ tí kò ní ojúṣàn, tí omi rẹ̀ sì wọ ilé ẹlòmíràn. Ọ́fíìsì alága ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun lórí àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò ní káńsù. Bí ẹni tó wà lórí àga bá yí padà, ọ́fíìsì ò yí. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ fún wolé-wolé ní ẹ̀dà kan. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé wọn, bẹ́ẹ̀ òfin fún wọn lágbára gan-an. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà, tàbí pé ìdọ̀tí ló dí i, wọ́n lè fún onítọ̀hún ní ìwé ìkìlọ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Èyí ò ná káńsù lówó púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, kì í sì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà. Abala 162 ìwé òfin ló dá àpò àpapọ̀ tí owó káńsù ń gbà kọjá lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ sílẹ̀, owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ yọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ní Ọ̀ṣun, àríyànjiyàn tí mo sọ yẹn wá há owó náà mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún gọ́tà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì.

Ní ti nọ́ọ̀sì, ẹ má ba kánsẹ́lọ̀ jà. Káńsù ń bá ìpínlẹ̀ kópa nínú ètò ìlera ni, kì í dá a ṣe. Àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí nípa òṣìṣẹ́. Àmọ́ kó tó débẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù yín. Aráàlú bíi tiyín ló wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, wọ́n sì lè mú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì alẹ́ wá sí ìpàdé. Bí aboyún bá ń rọbí lóru ní báyìí, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ìlẹ́ṣà níbẹ̀ kíákíá. Abẹ́ ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC tó fìdí kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ ló wà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín.