Ṣé máàsítà lè sọ ẹni tó ka Human Kinetics di físíò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá àti bí ara ṣe ń yí. Àwọn tó ṣáájú wa ní tí mo bá ti ṣe máàsítà nínú exercise physiology, mo ti di físíò (physiotherapist) nìyẹn, mo sì lè ṣí ibi ìtọ́jú tèmi. Ṣé òótọ́ ni? Iṣẹ́ wo ló tún wà?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi. Ó ń dùn mí gan-an pé àwọn tó yẹ kó là yín lọ́yẹ̀ ló ń ṣì yín lọ́nà.

Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ló ń sọni di físíò. Medical Rehabilitation Therapists Board tí òfin 1988 dá sílẹ̀ ló ń fúnni. Físíò gan-an lo máa kà ní yunifásítì, wàá yí wọ́ọ̀dù ká, wàá sì kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù. Máàsítà exercise physiology, kódà PhD rẹ̀, kò lè rọ́pò ìyẹn. Ohun tí eré ìdárayá ń ṣe sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan ló ń kọ́ni. Ìmọ̀ ńlá ni, àmọ́ ìtọ́jú aláìsàn lọ́tọ̀.

Wọ́n gbé ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi tí rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní físíò ti ń lọ bá wọn nílé, ó ń fa apá náà sókè láràárọ̀, ó ní kó lè jí. Bẹ́ẹ̀, tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ múni, iṣan tó di èjìká mú á dẹ̀. Tí wọ́n bá ń fa apá, orí egungun á máa yọ̀ kúrò nínú kòtò rẹ̀. Ìka mi méjì ló wọ àlàfo tó wà léjìká ìyá náà. Igbe tó ké nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, mi ò tíì gbàgbé.

Tó bá jẹ́ físíò ló wù ọ́ lóòótọ́, padà sí JAMB. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Yunifásítì Èkó. Bèèrè bóyá wọ́n lè gbà ọ́ nípasẹ̀ Direct Entry. Ní ìlú Ọba, máàsítà ọdún 2 wà tó ń sọ ẹni tó ti ní dìgírì bíi tìrẹ di físíò, kó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, DPT (Doctor of Physical Therapy) ni, bí ọdún 3. Ohun tí wọ́n ń béèrè máa ń yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, torí náà kà á dáadáa kí o tó sanwó. Tí o bá fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ nílé, kọ̀wé sí Board náà kí o tó wọ bàálù.

Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi ń sá fún iṣẹ́ tiyín? National Institute for Sports ní Sùúrùlérè ń kọ́ àwọn kóòṣì. Tí dìgírì rẹ bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ olùkọ́, TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, lè forúkọ rẹ sílẹ̀ kí o máa kọ́ni. Ìdánwò exercise physiologist ti ACSM (American College of Sports Medicine) wà, ẹni tó ní dìgírì ló wà fún. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí dókítà ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá pọ̀ lọ jàra, wọn ò sì rí ẹni tó máa tọ́ wọn sọ́nà.

Dojú kọ anatomy àti physiology ní ọdún kẹta yìí. Àwọn ni ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè máa ń tètè wò nínú èsì ìdánwò. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o wá bá òun na apá aláìsàn rọpárọsẹ̀ nílé, má lọ.