Ewúrẹ́ tó kọjá oṣù márùn-ún: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gún un

Ìyá wa tó kọ̀wé láti Ọ̀fà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹran yìí, ẹ sì kú àìsùn. Mo ka ohun tí ẹ kọ. Ewúrẹ́ yín ti kọjá oṣù márùn-ún láti ọjọ́ tí ẹ ti rí òbúkọ lórí rẹ̀, ikùn ti wọlẹ̀, kò sì tíì bí. Ọkùnrin tó ń gún ẹran ládùúgbò yín ní kí ẹ san owó, òun á fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un rọbí lọ́la. Ẹ ní ó ń jẹun, ó ń jẹ àpọ́jẹ, ó ṣì ń ta àwọn ewúrẹ́ yòókù nù nídìí oúnjẹ. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ gbà.

Ẹ má gbà. Ewúrẹ́ tó bá ń jẹun, tó ń jẹ àpọ́jẹ, tó ń dá dìde, kàlẹ́ńdà nìkan kò tó ìdí láti gún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ́nà Òmù-Àrán níbí. Mo ti rí èyí tí abẹ́rẹ́ gbà là, mo sì ti rí èyí tí abẹ́rẹ́ pa. Iye ọjọ́ kọ́ ló mú kí ti ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ara ìyá ẹran ti rí lọ́jọ́ náà ni, àti irú ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ kíkà yẹn wò. Oyún ewúrẹ́ ń lọ sí nǹkan bí 150 ọjọ́. Kó bí ní 145, kó bí ní 155, kò sí ohun tó ṣe é. Ti àgùntàn á máa tó 147, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Oṣù márùn-ún lórí kàlẹ́ńdà, 150 sí 153 ọjọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹran tí ẹ ní ó ti kọjá oṣù márùn-ún lè má tíì kúrò nínú àsìkò rẹ̀ rárá.

Èyí tó tún burú jù nìyí: ẹ rí òbúkọ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ló ń wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà? Ewúrẹ́ tí kò bá gba oyún, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni yóò tún máa wá akọ. Àgùntàn, ọjọ́ 17. Àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò nínú ọ̀rọ̀ gígùn, òbúkọ àwọn aládùúgbò sì ń rìn kiri bó ṣe wù ú. Ẹran tí ẹ kà sí ọjọ́ 160 lè jẹ́ pé ìgbà kejì ló gba oyún, kó sì jẹ́ 139 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ẹ gún un lónìí, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lẹ óò fà jáde. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí. Irun rẹ̀ kúrú, pátákò rẹ̀ rọ̀, ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu, kò lè dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà kò tíì sọ wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn yẹn, tó jẹ́ pé òun ló ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn.

Ọmọ inú gan-an ló ń pinnu ọjọ́ tí wọn yóò bí i. Graham Liggins, dókítà ará New Zealand, ló fi àgùntàn wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé ohun kan tí ara ọmọ inú ń tú jáde bó bá ti ń gbó ló ń mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ lára ìyá. Nígbà tó fi oògùn tó jọ ọ́ sára àwọn ọmọ àgùntàn tó ṣì wà nínú, wọ́n bí wọn láìpé oṣù, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ṣiṣẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. 1969 ni ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún tó bá fẹ́ bímọ láìpé oṣù lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Idaho lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn àgùntàn kan jẹ ewé olóró kan ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá oyún, wọ́n bí ọmọ olójú kan. Àwọn mìíràn nínú wọn gbé oyún kọjá àkókò gan-an, nítorí ọpọlọ ọmọ náà kò pé débi tí yóò fi lè sọ pé ó yá. Pípẹ́ gidi wà, n kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n fún ẹran tí ara rẹ̀ yá, kí ẹ kọ́kọ́ fura sí kíkà.

Ìdí ìrù ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn, ẹ fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀ ná. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e di ẹ̀yìn rẹ̀ mú láti òkè, ní ibi tí egungun ẹ̀yìn ti ń darí sí ìrù, kí ẹ máa fi ìka wá ìhà méjèèjì bọ̀ nísàlẹ̀. Iṣan méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó le gan bí pẹ́ńsù lábẹ́ awọ. Bí wọ́n bá ṣì le bẹ́ẹ̀, kò tíì yá. Á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá wá wọn tì, tí gbogbo ibẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tí ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn, ó sábà máa ń bí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ máa ṣe é ní àràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, kí ìka yín lè mọ ìyàtọ̀ àná sí òní. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọmú. Ewúrẹ́ kan á ti so ọmú kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, òmíràn kò ní so ó títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò bí. Ikùn tó wọlẹ̀ tí ẹ rí yẹn, àmì dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́.

Láti mọ̀ bóyá ọmọ wà láàyè, ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ikùn lápá ọ̀tún, níwájú ọmú díẹ̀. Apá òsì ni àpò oúnjẹ wà, ìrúkèrúdò tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ta yín lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé mo kórìíra abẹ́rẹ́ o. Mo ní ewúrẹ́ dúdú kan nígbà kan, onímú funfun. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo iṣu ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ń rí fún wọn. Ó kọ́kọ́ fi eèrí sílẹ̀, eèrí tó máa ń tìtorí rẹ̀ jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dúró sí igun ògiri, ó fi iwájú ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo sì gbọ́ ohun kan tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi: ó ń lọ eyín. Ó ń lọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, òórùn kan tó dùn mọ́ni nímú jáde níbẹ̀ tí kì í ṣe òórùn ewúrẹ́. Àìsàn àwọn tó gbé ju ọmọ kan lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ ń gba ṣúgà tó wà lára rẹ̀, wọ́n ti fún àpò oúnjẹ mọ́ débi pé kò rí àyè jẹun tó, ara rẹ̀ wá ń yọ́ ọ̀rá tirẹ̀ jẹ, ẹ̀dọ̀ kò sì lè gbé e. Bí ẹ kò bá yọ ẹrù náà, òun àti àwọn ọmọ ni yóò lọ.

Mo pe dókítà ẹran láti Ìlọrin. Ó gba ìtọ̀ rẹ̀, ó ti pépà tín-ínrín kan bọ̀ ọ́, pépà náà sì di àwọ̀ elésè àlùkò lójú mi, èyí tó fi hàn pé àìsàn yẹn ni. Ó bi mí ní ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún. Mo lè dáhùn, nítorí mo ti ya òbúkọ sọ́tọ̀ láti ìgbà náà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sára ògiri ilé ẹran. Ó rí i pé ó ti wọ àwọn ọjọ́ ìgbẹ̀yìn. Ó fún un ní omi ṣúgà sínú iṣan, ó gún un, ó sì jókòó ṣàlàyé fún mi pé òun kò lè ṣèlérí àwọn ọmọ, ìyá ni òun ń wá. Ó bí lóru ọjọ́ kejì. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan ti kú sínú, ọ̀kan kò rí òwúrọ̀, ọ̀kan yè. Ìyá yè. Ó dùn mí títí di òní, ṣùgbọ́n bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, abẹ́rẹ́ náà ni màá ní kí wọ́n gún.

Ẹ wá gbọ́ o, abẹ́rẹ́ ìrọbí kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó di oyún ewúrẹ́ mú wà níbi tí ẹyin ti ń jáde, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọjọ́ tó máa bí. Oògùn tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ló ń tú u, ewúrẹ́ tó ti tó àkókò á sì sábà bí láàárín 30 sí 40 wákàtí. Ti àgùntàn yàtọ̀. Láti nǹkan bí oṣù kejì ni ibi ọmọ ti gba iṣẹ́ náà ṣe, nítorí náà ẹni tó bá gún àgùntàn ní prostaglandin kí ó lè bí, owó yín ló ń ṣòfò. Oògùn mìíràn, dexamethasone, ni àwọn dókítà ń lò fún àgùntàn, ní ìparí oyún nìkan, yóò sì tó bí ọjọ́ méjì kó tó bí. Ẹ bi ọkùnrin yẹn léèrè èyí tó fẹ́ lò. Bó bá jẹ́ ìgò prostaglandin kan náà ló ń gbé lọ bá ewúrẹ́ àti àgùntàn, kò mọ̀ ọ́n.

Bó bá sì ní wákàtí kan péré ni yóò fi bí, a jẹ́ pé oxytocin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lé e jáde. Oxytocin ń mú kí ilé ọmọ máa fún ni, kì í ṣí ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu ilé ọmọ bá ṣì wà ní títì, ìyá ẹran á máa fi agbára ti ọmọ síta, ọmọ kò rí ọ̀nà, ilé ọmọ lè fàya sínú. Wọ́n ṣe é fún ẹran ìyá kan ládùúgbò wa. Ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bí ọmọ àkọ́kọ́ ni, ara rẹ̀ yá ṣáṣá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó gún un gbowó, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ náà ń ké títí oòrùn fi yẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tí a là á, ilé ọmọ ti ya, ọmọ méjì tó pé pérépéré, tó nírun lára, wà láàárín ìfun. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kí n tó gbàgbé: obìnrin tó lóyún àti ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan prostaglandin. Ó ń gba awọ ara wọlé. Ẹ má ní kí aboyún bá yín di ẹran mú níbẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ kó bí kí ẹ tó lọ sí ìnáwó ní Ìlọrin. Ó yé mi, gbogbo wa la ní ìnáwó. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá ọmọ ilé tó ní làákàyè kan, ẹ fi nọ́ńbà dókítà sí i lọ́wọ́, ẹ fi àkísà gbígbẹ àti omi mímọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ ilẹ̀ wa ń dá bí lóru láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí ikùn wọn á tóbi, tí kò ní sí ọmọ níbẹ̀, omi lásán ni. Ewúrẹ́ máa ń ní i. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò inú ló ń fi í hàn, abẹ́rẹ́ dókítà sì ń wò ó sàn. Èyí náà jẹ́ ìdí tí ẹ fi lè gbé e lọ fún àyẹ̀wò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá tún kọjá láìsí ìyípadà kankan. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún irú èyí.

Ní alẹ́ òní, ẹ gbé eèrí díẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ẹ wo bó ṣe sáré bá a. Ẹ fọwọ́ kan ìdí ìrù rẹ̀, kí ẹ sì wá sọ fún wa bóyá iṣan méjèèjì ṣì le. Bó bá fi agbára ti ọmọ fún ìdajì wákàtí gbáko tí ohunkóhun kò jáde, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló nílò kí wọ́n mọ bí ọmọ ṣe dúró, abẹ́rẹ́ kọ́. Bí omi tó ń rùn tàbí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá ń jáde, bó bá kọ eèrí, tàbí tí ẹ gbọ́ ọ tó ń lọ eyín, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ pe dókítà lóru náà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ rí òbúkọ lórí rẹ̀ fún un, àti pé kò dá yín lójú bóyá ó tún gùn ún lẹ́yìn ìgbà náà.