Sí ìyá tó ń wá eré tí yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní ìkóra-ẹni-níjàánu

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín kì í lè dúró de nǹkan, pé bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ ohun tó fẹ́, á bú sẹ́kún, á sì máa yí nílẹ̀. Ẹ wá ń béèrè irú eré tí ìwádìí fi hàn pé ó ń ṣèrànwọ́, àti iye ìgbà tó yẹ kí ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí.

Ọmọ mi kejì kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tó gé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lápá ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀gá iléèwé náà bá mi wí níṣojú àwọn òbí mìíràn, ó ní kí n wá ibòmíràn gbé e lọ. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, a jókòó láti aago méje àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán pẹ̀lú ọmọ tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn wá, onímọ̀ náà kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kọ ọ́ sínú ìwé pé olóríkunkun ni, kí a má gbà fún un. Kò bi mí ní aago tí ọmọ ń sùn. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù mi ló ń wà títí di aago mẹ́wàá alẹ́, tí a ó sì jí i ní aago márùn-ún ààbọ̀. Inú ń bí mi títí di òní, nítorí oṣù mẹ́jọ ni a fi na ọmọ náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ohun kan ṣoṣo tó sì rí kọ́ níbẹ̀ ni kó máa sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó bá ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

Ìwádìí tó là mí lójú ni èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2013. Wọ́n ṣèlérí ohun ìyàwòrán tó dára fún ọmọ 28; wọ́n mú un ṣẹ fún ìdajì, wọ́n já ìdajì kulẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ohun dídùn kan síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní tó bá lè dúró, yóò gba méjì. Àwọn tí ìlérí ṣẹ fún dúró tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, àwọn tí a já kulẹ̀ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti ní, "Màá ra bisikíìtì bọ̀," kí n lè ráyè jáde. Ọmọ mi kì í ṣe oníwọra. Ó ti mọ̀ pé ohun tí òun kò bá gbà lójú ẹsẹ̀, òun kò ní rí i mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé pásán nìkan ni ọmọ tiwa ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi puff-puff dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ẹ̀yà Nso wò ní Kamẹrúùnù, nǹkan bí 7 nínú 10 ló dúró. Ti Jámánì kò tó 3. Àwọn ìyá Nso kì í fi ìgbọràn ṣeré, ṣùgbọ́n líle yàtọ̀ sí lílù.

Ní ti eré, ẹ lu agolo kó máa jó, tí ẹ bá dákẹ́, kó dúró sójú kan. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ yí òfin padà. Irú rẹ̀ ni àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Oregon State lò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, àwọn ọmọ tí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn kéré jù níbẹ̀rẹ̀ ló sì ràn lọ́wọ́ jù. Bójúbójú náà dára. Àkàrà àárọ̀ ni èmi fi bẹ̀rẹ̀: a ó gbé e sínú abọ́, a ó jọ máa fẹ́ ẹ, a ó ka oókan dé ogún kó tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kìíní, kò kọjá ẹẹ́ta. Mi ò bínú, mo sì fún un ní àkàrà náà bí mo ṣe sọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré kankan, aago mélòó ni ọmọ yín ń sùn?